Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́: ṣé ayọ̀ ló kù?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe"? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó ń sọ pé tálákà tó ti yó kò yàtọ̀ sí olówó, pé inú àwọn méjèèjì ń dùn bákan náà.

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ti bu iyọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ohùn: ìṣẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ké ewì Ọdúnjọ ní kékeré, "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́", ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí nǹkan bùṣe ni kó parí. Òwe náà ò sì mẹ́nu kan ayọ̀ rárá. Yíyó ló sọ, kò sọ yíyọ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti máa ń pa á. Bíríkìlà kan jókòó ní búkà lọ́sàn-án, ẹni tó ń kọ́lé fún ò tíì sanwó. Ó jẹ àmàlà tán, ó ṣanwọ́, ó gùnfẹ̀: "Ìyá, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́..." Olóúnjẹ á gbè é: "Ìṣẹ́ bùṣe!" Ẹ̀rín á sọ. Kò sẹ́ni tó rò pé àmàlà ti san owó ilé. Ebi ló wúwo jù nínú ẹrù ìṣẹ́. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, èèyàn á ráyè ronú èyí tó kù. (Ìdí nìyẹn tó fi burú kí olówó máa pa á fún òṣìṣẹ́ tó ń bèèrè owó rẹ̀. Ẹnu ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ló ti dùn.)

Èyí tó kù ọ̀hún, òwe mìíràn ló sọ ọ́: "Òṣì ní í jẹ́ 'Ta ní mọ̀ ọ́ rí?' Owó ní í jẹ́ 'Mo bá ọ tan.'" Lójú tèmi, èyí le ju ti ebi lọ. Ẹni tí ẹbí ń yẹ̀ fún níbi ìnáwó, bó tilẹ̀ yó, kò ní yọ̀. Abájọ tó fi jẹ́ "olòṣì" la fi ń búni. "Tálákà" tí a yá lọ́wọ́ Haúsá kò ta tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé owó wá layọ̀? Babaláwo ò tijú owó. Wọ́n ń wúre owó, wọ́n ń wúre ọmọ, àmọ́ àìkú ni wọ́n ń pè ní baálẹ̀ ọrọ̀. Ẹsẹ Ifá kan wà tí Ọ̀rúnmìlà ti lé Ìwà, aya rẹ̀, jáde. Nígbà tí ayé rẹ̀ dàrú, ó gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, ó ń wá a láti ilé dé ilé. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé bí o lówó tí o ò níwà, owó olówó ni. Ẹ kíyè sí i: kò ní owó náà á tán, kò ní olè á gbé e. Ọwọ́ rẹ ló wà, kì í kàn ṣe tìrẹ ni.