Ọrùn ni wọ́n fẹ́ là, kí ló kan ikùn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún ìyá mi, ẹni ọdún 61, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu láti aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ìkà ni wọ́n fẹ́ ṣe, pé ọrùn ni wọ́n fẹ́ là, kì í ṣe ikùn, àti pé ikùn òfìfo kò lè gba oògùn oorun. Wọ́n ní ká yọ́ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ ní ìdájí kí agbára lè wà lára rẹ̀, ká sì fi àgbo gẹ̀gẹ̀ tó ti ń mu tì í. Ṣé díẹ̀ yẹn lè pa á lára? Kí la sì máa fún un lẹ́yìn náà tí egbò inú yóò fi tètè gbẹ?

ÌDÁHÙN

Ẹ má fún un. Ẹ̀kọ o, àgbo o, ẹ má fún un. Bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù, èyí tí mo sọ yìí ti tó ẹ mú lọ sílé.

Ọdún 19 ni mo ti ń kun ènìyàn lóorun ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ ni, ojú ni, ọyàn ni, eyín ni: kò sí èyí tí wọn ò tíì sọ fún mi pé kò kan ikùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe. Ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn lè jẹun. Oorun là ń bá wí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí omi pá yín lórí. Ẹ wúkọ́, omijé bọ́ lójú yín, ẹnìkan gbá yín lẹ́yìn, ó tán. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun: ọ̀kan ni oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn, èkejì ni èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà èémí tó máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Bí ẹ̀kán omi kan bá yọ́ wọlé, ikọ́ ló fi ń lé e jáde. Lóru, nígbà tí a bá sùn, ẹ̀ṣọ́ yìí kì í sùn tán. Ìdí nìyẹn tí itọ́ fi lè jí ènìyàn pẹ̀lú ikọ́.

Oorun tèmi kì í ṣe irú oorun bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọn yóò fún màmá yín yóò kun ẹ̀ṣọ́ náà lóorun pẹ̀lú. Iṣan tó fún ẹnu ikùn pa, tí kì í jẹ́ kí ohun tí a jẹ padà gòkè, òun náà yóò dẹ̀. Màmá yóò sì wà ní ìdùbúlẹ̀, ojú sókè. Ohun tó bá wà níkùn lè rọra gòkè wá sí ọ̀fun, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró èébì, kó sì yà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kò ní wúkọ́. Kò ní jà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀rọ̀ wọ̀bìà ni wọ́n ń bá wí o, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n dé tíátà ni, wọn ò ní yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Oúnjẹ nìkan sì kọ́. Omi kíkan kan wà níkùn tó ń bá wa lọ oúnjẹ, òun ló máa ń ta yín láyà nígbà tí ẹ bá jẹ ata jù. Awọ inú ikùn lè gbà á. Ti ẹ̀dọ̀fóró kò lè gbà á, ńṣe ló máa ń bó o bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sára.

Ti gẹ̀gẹ̀ tilẹ̀ tún fi kún un. Bí gẹ̀gẹ̀ bá tóbi, ó lè ti ọ̀nà èémí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó fún un pọ̀. Ọ̀pá rọ́bà kan la máa ń tì bọ ọ̀nà èémí kí aláìsàn lè máa mí nígbà tó bá ń sùn. Bí ọ̀nà bá wọ́, ó lè pẹ́ kí ọ̀pá náà tó wọlé, ní gbogbo àsìkò yẹn ẹ̀ṣọ́ ti sùn, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Ẹ wá ro ẹ̀kọ ìdájí mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi o! Mo mọ bí a ṣe ń sọ ọ́: "N ò tíì jẹun, ẹ̀kọ ni mo kàn mu." Àgbàdo ni. Oúnjẹ ni. Ìgbà tí àyà bá tún wá ń já ènìyàn tàbí tí nǹkan bá ń dùn ún, ikùn kì í tètè gbé oúnjẹ kúrò, ta sì ni àyà kì í já láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ?

Mo rántí bàbá kan tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ní láti àná, omi lásán kò kan òun lẹ́nu. Bí oorun ṣe gbé e báyìí, mo rí ẹ̀wà lẹ́nu rẹ̀. Odidi ẹ̀wà. A dorí rẹ̀ kodò, a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń fi ẹ̀rọ fa ohun tó wà lọ́fun rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gba ọ́síjìn, ibà ń ṣe é, ó ń wúkọ́ nǹkan tó ń rùn. Ó yè. Nígbà tí mo jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀, fìláàsì oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bi mí pé ṣé wọ́n ti ṣe é tán. Ìfẹ́ ló fi bọ́ ọkọ rẹ̀. N kò lè bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé ẹ̀wà yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣà tí àwọn nọ́ọ̀sì dá sílẹ̀ láti fìyà jẹ yín. Ní 1946, dókítà kan ní New York, Curtis Mendelson, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa àwọn aboyún 44,016. Nínú wọn, ohun tó wà níkùn àwọn 66 ló yà sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn nígbà tí wọ́n kùn wọ́n lóorun láti gbẹ̀bí wọn. Méjì kú, oúnjẹ líle ló dí wọn léèémí. Ẹnìkan lè ní 66 nínú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ kéré. Ó kéré lóòótọ́, títí yóò fi kan ìyá ẹni. Láti ìgbà náà ni àwa oníṣẹ́ oorun kì í ti í fi ikùn tó kún ṣeré. Bí oyún tàbí jàǹbá bá sọ ọ́ di kánjúkánjú, a ní ọgbọ́n tí a ń dá, ṣùgbọ́n ewu ni a fi ń gba ewu. Ti màmá yín kì í ṣe kánjúkánjú.

Mo sì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n màmá yín ti rí ọ̀rọ̀ ikùn òfìfo. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa pé ká jẹun ká tó lo oògùn, torí pé àwọn oògùn oníhóró kan máa ń họ ikùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn oorun kò gba ikùn kọjá rárá. Iṣan ọwọ́ ló ń gbà wọlé, tàbí èémí. Ní ti agbára, wọn yóò máa fa omi sí i lára, ara ẹni tó jẹun dáadáa lálẹ́ sì ní ohun tó tọ́jú pa mọ́ tó lè lò títí di ọ̀sán. Ẹ̀kọ ìdájí kò ní fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó lágbára, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló ti yẹ kó máa jẹ ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Wákàtí wá ńkọ́? Bí a ṣe ń kà á nìyí fún àgbàlagbà: oúnjẹ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà kó tó sùn, oúnjẹ ọlọ́ràá, dídín àti ẹran, wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó mọ́ gaara, tàbí tíì tí kò ní mílíìkì, ó kéré tán wákàtí méjì kó tó sùn. Bóńbìtà, zóbò tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ògì kò sí nínú omi tó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó fẹ́ kun màmá yín lóorun bá fún yín ní àkókò mìíràn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe tèmi. Àwọn ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, fún àpẹẹrẹ, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀.

Níbi tí mo ti fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n màmá yín nìyí: wọ́n lè ní kí màmá má mu omi láti aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n má sì pè é títí di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kò dára, ó sì wọ́pọ̀. Ẹnu á gbẹ, orí á máa fọ́ ọ. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé nọ́ńbà mélòó ni màmá wà lónìí, ṣé ó sì lè mu omi díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ ṣáà má yọ́ ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sọ ọ́ di ààwẹ̀. Àwọn kan ti wá bá wa lẹ́yìn ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ojú ti jìn, iṣan ti sá. Àdúrà dára; ẹ gbà á pẹ̀lú oúnjẹ níkùn títí di alẹ́ Ọjọ́rú.

Àgbo gẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó tà á fún yín kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, èmi náà kò sì lè sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ pé àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń kó sínú àgbo, bí aáyù àti ata ilẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì bí wọ́n bá pọ̀. Ọrùn kò sì ní àyè tí ẹ̀jẹ̀ lè dà sí láìfún ènìyàn lọ́rùn. Kó dá a dúró lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti ń mu ún àti ìgbà tó mu ún gbẹ̀yìn. A kì í ṣe ọlọ́pàá, a ò ní mú ẹnikẹ́ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tí dókítà fún un fún gẹ̀gẹ̀, ẹ béèrè èyí tó máa lò láàárọ̀ náà. Òmíràn wà tí wọ́n á ní kó fi omi ẹ̀kán kan gbé mì, òmíràn wà tí wọ́n á ní kó fi sílẹ̀. Ẹ má fi ọgbọ́n orí yín yan èyíkéyìí.

Kó fọ làálì tàbí ọ̀dà èékánná kúrò bó bá lè ṣe é, torí nǹkan tí a máa ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe wà lára lè ṣì í kà. Eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́. Ní tíátà, wọn yóò tún orúkọ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á tún bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́. Àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 ni, kí a má bàa ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn sára rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sí àgbo tó ń gbẹ egbò inú. Egbò inú kì í gbẹ bí aṣọ, ńṣe ló ń so pọ̀, oúnjẹ gidi ló sì ń fi so pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú yín ṣọ́ ni ọrùn rẹ̀, pàápàá ní wákàtí 24 àkọ́kọ́. Bí ọrùn bá ń wú, bí ó bá ní nǹkan ń fún òun lọ́rùn, bí èémí rẹ̀ bá ń hán, ẹ má dúró de dókítà tó ń bọ̀ wá wo aláìsàn láàárọ̀. Ẹ pariwo. Ẹ̀jẹ̀ lè máa kóra jọ sínú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú sì ni. Bí ètè tàbí ìka ọwọ́ bá ń ṣe é yínrinyìnrìn, ẹ tètè sọ. Kálísíọ́ọ̀mù ara rẹ̀, èròjà tó ń mú egungun le, lè ti wálẹ̀, oògùn rẹ̀ wà. Ohùn lè há fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá padà bọ̀ sípò, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nígbà tí ẹ bá padà lọ fi ojú egbò hàn.

Bí wọ́n bá ní kó dìde jókòó tàbí kó rìn díẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá jókòó pẹ́ lẹ́sẹ̀ lè dì.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá yín pé kí wọ́n se ẹ̀kọ náà, kí wọ́n sì dì í sí fìláàsì tó ń mú ooru dáadáa. Kí wọ́n gbé e pa mọ́ sábẹ́ àga. Nígbà tí màmá bá jí tán, tí nọ́ọ̀sì bá fún un lómi mu tó sì gbé e mì láìwúkọ́, tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá ní "ẹ lè fún un ní nǹkan díẹ̀ báyìí", kí wọ́n ṣí i nígbà náà. Ṣíbí kékeré ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o.