Èsì: Oògùn inú tánkì ò lè dé ẹ̀yìn fáàfù yẹn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá oògùn tí wọ́n ń dà sínú tánkì lè fọ èédú tó dì mọ́ fáàfù atẹ́gùn (ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ sílíńdà) ẹ́ńjìnnì GDI yín, irú tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Rárá o. Nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́, ẹ̀yìn fáàfù náà ni injector ń fọ́n epo sí, epo yẹn ló sì ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń kọjá. Tiyín ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, epo ò kan ibẹ̀ rárá. Oru ọ́yìlì tí PCV (fáàfù tó ń dá oru inú ẹ́ńjìnnì padà sí ọ̀nà atẹ́gùn) ń gbé wá ló ń dé ibẹ̀, ooru á sì yan án mọ́ irin títí á fi le bí ìdí ìkòkò àsè.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n láàárọ̀ nìkan, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá gbóná, èmi náà fura sí èédú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ pọ́lọ́ọ̀gì àti coil (tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná) wò, owó tiwọn kéré. Lẹ́yìn náà kí mẹkáníìkì tú manifold (páìpù tó ń gbé atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì), kó fi kámẹ́rà kékeré wo ẹ̀yìn fáàfù náà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni kí wọ́n fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fọ́n èèpo walnut lílọ̀ lu èédú náà, bí àwọn tó ń tún BMW ṣe ṣe máa ń ṣe. (Kì í ṣe àwùsá tiwa o!) Fáàfù tí wọ́n ń fọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní pípadé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí á wọ sílíńdà. Ẹni tó bá fẹ́ fi irin ṣóńṣó ha á, ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n sì yẹ PCV wò kí wọ́n tó dé manifold padà.