Kí ló kan ọtí pẹ̀lú eegun obìnrin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún 49 ni mí, adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Mo yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ọwọ́ mi kán. Dókítà tó tò ó bi mí bóyá mo máa ń mutí. Bíà ìgò ńlá méjì ni mò ń mu lálaalẹ́, mo sì máa ń fi paraga kún un nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Kí ló kan ọtí pẹ̀lú eegun?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ó kàn án gan-an. Eegun tó bá dá ṣáṣá kì í sábà kán nítorí pé èèyàn yọ̀ níbi tó dúró sí, ìyẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Ojoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ lára eegun, tó sì ń mọ tuntun dípò rẹ̀. Ọtí àmujù kì í jẹ́ kí èyí tó ń mọ ọ́n ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń wó o kò dúró. Ó tún ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ yìí sì wà lára ohun tó ń sọ fítámì D di èyí tí ara lè lò láti gba kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ. Lọ́jọ́ orí yín, tí nǹkan oṣù ń lọ sópin, estrogen, ìyẹn èròjà inú ara tó ń dáàbò bo eegun obìnrin, náà ń dín kù. Ìyà méjì ló ń jẹ eegun kan.

Ìgò bíà 60cl tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí pọ́ńbélé. Ní Amẹ́ríkà, gíráàmù 14 ni wọ́n ń kà sí ọtí kan, obìnrin tó bá sì mu 8 lọ́sẹ̀, ó ti ń mu àmujù nìyẹn. Tiyín lé ní 20, a ò tíì ka paraga.

Paraga yẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ewé àti egbò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Eegun ẹ̀yìn tó bá ti ń rún máa ń dunni, ó sì máa ń sọ èèyàn di kúkúrú. Ṣé kaba yín àtijọ́ ti ń wọ́lẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn bí eegun yín ṣe ki tó, torí fọ́tò eegun lásán kì í tètè fi í hàn.

Bí ẹ bá jáwọ́, ara yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ eegun dáadáa. Ẹ máa jẹ wàrà àti ẹja kékeré teegunteegun, kí ẹ sì máa rìn. Àmọ́ bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀ tí ẹ ò bá tíì mu, ẹ má dá a dúró lójijì, ó léwu. Dókítà ni kó bá yín dín in kù. Ẹ sọ ti paraga náà fún un.