Ìdí tí (x − 3)² fi ń sún sí ọ̀tún

Àbúrò, o bèèrè pé kí ló dé tí gíráàfù y = (x − 3)² fi sún sí ọ̀tún nígbà tó jẹ́ pé àmì ìyọkúrò ló wà nínú rẹ̀. Ojú mi rí i náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò àṣejáde girama kí n tó yege nínú ìṣirò, gíráàfù sì wà lára ohun tó dá mi padà nígbà àkọ́kọ́. Mo ti há a sórí pé ìyọkúrò ni òsì, ìròpọ̀ ni ọ̀tún. Bí mo ṣe há a sórí náà ni mo ṣe yà á.

Má wo àmì yẹn. Bi ara rẹ pé x wo ló máa sọ inú àkámọ́ di òdo. Nínú x², òdo fúnra rẹ̀ ni. Nínú (x − 3)², àfi kí x jẹ́ 3. Bí ẹni jẹ gbèsè ló rí: x gbọ́dọ̀ ní 3 lọ́wọ́ tó máa fi san gbèsè kó tó kan òdo. Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òdo tẹ́lẹ̀, ní 3 ló ti ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àkámọ́, bíi −4 nínú (x − 3)² − 4, kò ní wàhálà kankan: gíráàfù wálẹ̀ ní 4, ó parí.

Nígbà tí mo ń múra fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ya y = x² sórí páálí bisikíìtì, mo gé e bí igbá, mo wá ń sún un kiri lórí pépà gíráàfù. Mú y = x² − 6x + 5. Ìdajì 6 ni 3, 3² sì jẹ́ 9; 5 kò ju 9 − 4 lọ, ó di x² − 6x + 9 − 4, ìyẹn (x − 3)² − 4. Mo gbé ìdí igbá sí (3, −4), ara rẹ̀ sì gba 1 àti 5 kọjá lórí ìlà x. Fi tábìlì yẹ̀ ẹ́ wò, kí x lọ láti 0 dé 6, y á jẹ́: 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5. (Tó bá jẹ́ 2x² ni wọ́n fún ọ, ju páálí yẹn nù kí o gé òmíràn, torí tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí lọ.)

Dídojú igbá dé ló le jù fún mi. Tí ìyọkúrò bá wà níwájú gbogbo rẹ̀, igbá á dojú dé: −x² + 6x − 5, ìdí rẹ̀ bọ́ sókè sí (3, 4), ṣùgbọ́n 1 àti 5 kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Tó bá jẹ́ x nìkan lo sọ di −x, igbá ò dojú dé rárá, ó kàn bọ́ sí òdìkejì ìlà y bí àwòrán inú díńgí: x² + 6x + 5, ìdí rẹ̀ wà ní (−3, −4).

Èyí tó tún fẹ́ gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kejì ni −x² + 4. Ṣe ni kí o kọ́kọ́ dojú igbá dé, kí o tó gbé e sókè ní 4. Èmi gbé e sókè ná, mo wá dojú rẹ̀ dé, ó di −x² − 4, gbogbo rẹ̀ rì sábẹ́ ìlà x. Ìgbà tí mo fi òdo sípò x tí mo rí 4, tí igbá mi sì wà ní −4, ni mo tó mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé pẹ́ńsù ni mo fi yà á.