Ta ló gbé okùn lọ wọ̀n ọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọmọ mi fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù. Nǹkan náà lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó ní àwọ̀ aró, pupa rẹ́súrẹ́sú sì tò sí i lára. Ó ní ìràwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé Messier 51 lorúkọ rẹ̀, àti pé mílíọ̀nù ọdún 31 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní irọ́ ni. Ta ló gbé okùn lọ wọ̀n ọ́n?
Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yín ò purọ́. Kò sẹ́ni tó gbé okùn débẹ̀ lóòótọ́, iná ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá dúró lórí Olúmọ lálẹ́, ẹ mọ bí iná mọ́tò ṣe ń mọ́lẹ̀ tó nítòsí. Èyí tó wá ń tàn wínníwínní lápá Láfẹnwá, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé ó jìnnà. Ní 2005 àti 2011, iná ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti bú gbàù tipẹ́tipẹ́ nínú Messier 51 dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ṣírò bí iná ìbúgbàù náà ṣe lágbára tó gan-an, wọ́n fi wé ìwọ̀nba tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan rí mílíọ̀nù 31, àwọn mìíràn rí 28. Èmi ò bá wọn jà sí i.

Aró tí ẹ rí yẹn, ìràwọ̀ tuntun tó gbóná janjan ni. Ibi tó pupa ni wọ́n ti ń bí òmíràn, nínú gáàsì háídírójìn.

Ṣùgbọ́n ojú lásán ò rí aró kankan. Lóṣù karùn-ún, òjò ti fọ ojú ọ̀run, wọ́n sì ti mú iná àdúgbò wa n'Íbarà lọ (ẹ ò rí i pé ó wúlò lẹ́ẹ̀kan). Mo gbé awò ìworàwọ̀ mi sẹ́yìnkùlé, mo kọjú ẹ̀ sí àríwá, lẹ́bàá ìpẹ̀kun ọwọ́ àwọn ìràwọ̀ méje tó tò bí ìgbakọ. Àbàwọ́n eérú méjì ni mo rí, bí èémí lára dígí. Èyí tó kéré ni aládùúgbò rẹ̀ tó ń fà á mọ́ra. Lord Rosse, aworàwọ̀ kan ní Ireland, ló kọ́kọ́ rí i pé Messier 51 lọ́, ní 1845. Awò tirẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó sì fi ọwọ́ ya ohun tó rí.

Ẹ mú ọmọ náà wá lóṣù karùn-ún tó ń bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Kó gbé àpótí tó máa gùn lọ́wọ́, ojú awò mi ga díẹ̀.