Èsì: Ìdí tí Erie Canal kò fi gba Adágún Ontario

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Adágún Ontario sún mọ́ tòsí lórí máàpù, kí ló dé tí wọ́n fi gbẹ́ Erie Canal, ọ̀nà omi àtọwọ́dá fún ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, Amẹ́ríkà, fún máìlì 363, láti Albany dé Buffalo létí Adágún Erie?

Ọ̀rọ̀ òwò ni. Ẹrù tó bá wọ Ontario lè bá odò St. Lawrence lọ sí Montreal ní Kánádà, tó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kí New York má rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ìtàkìtì omi Niagara tún dínà láàárín Ontario àti Erie.

Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe kọjá àwọn òkè Appalachian tó dábùú ọ̀nà: àfonífojì odò Mohawk ni wọ́n bá kọjá. Wọn ò gba inú odò náà o, nítorí ìkún omi àti òkúta. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ tiwọn sí, jíjìn rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ìlú Rome ti New York (kì í ṣe ti Ítálì) ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1817, torí ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn lójú tèmi: iṣẹ́ tètè yá, ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn sì rọ̀ díẹ̀.

Ìlú Lockport, nítòsí Buffalo, ló le jù. Àpáta tí omi Niagara ń já bọ́ lórí rẹ̀ náà ló dábùú ibẹ̀. Wọ́n ṣe yàrá omi márùn-ún tó tẹ̀ léra bí àtẹ̀gùn, ní ìlà méjì: ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jẹ́ kí omi wọlé títí ọkọ̀ á fi léfòó sókè, ó di yàrá kejì.

Ọdún 1825 ni wọ́n ṣí i. Èyí tẹ́ ẹ rí lórí máàpù òde òní kì í ṣe ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn látòkè délẹ̀. Ní apá Mohawk, inú odò náà gan-an ni èyí tuntun ń gbà.