Kí ló dé tí àwọn ìlú àtijọ́ etíkun kan kì í tètè gbèrú bí ẹgbẹ́ wọn?

Ilẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ìlú tí omi yí ká kò ní ibi tí yóò nà sí, àfi tó bá gba ilẹ̀ àyíká mọ́ra. Ẹ wo Charleston ní Amẹ́ríkà. Ní 1990, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, nígbà tí Savannah tí wọ́n máa ń fi wé e ní nǹkan bí 137,000. Nígbà tó fi máa di 2020, Charleston ti lé ní 150,000, Savannah ò sì tíì pé 148,000. Àárín ìlú kọ́ ló fẹ̀ o! Láti 1931 ni òfin ti ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi kún ìlú, bíi Daniel Island, ni ọ̀pọ̀ ilé tuntun wà. Torí náà, iye ènìyàn nìkan lè tan èèyàn jẹ. Ẹ wo ibi tí ààlà dé.

Ìjì pẹ̀lú máa ń dá kún un. Ti Galveston ní Texas ní 1900 pa ó kéré tán 6,000 ènìyàn, nígbà tí ọ̀nà omi Houston, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, sì ṣí fún ọkọ̀ òkun ńláńlá ní 1914, òwò Galveston ṣí lọ síbẹ̀.

Ti Venice ní Ítálì tiẹ̀ kọjá àìtètè dàgbà: àárín ìlú tó ní nǹkan bí 175,000 olùgbé ní 1951 kò ní tó 50,000 mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti di ti àlejò.